Wáyà Lápá Ọ̀tún, Wi-Fi Lápá Òsì

Olóòtú ní kí n wá ṣàlàyé kọ̀ǹpútà igun tó wà ní yàrá kọ̀ǹpútà, èyí tí wáyà búlúù wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré sì tún wà nínú ihò USB rẹ̀. Àwọn JSS kan ń sọ pé àṣejù ni, pé kí ni kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ń fi ọ̀nà méjì ṣe. Àwọn míì ní a so méjèèjì pọ̀ kí fíìmù lè yára wọlé ní ìlọ́po méjì ni. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló gbé wa débẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fíìmù.

Gbogbo wa la mọ̀ pé Kaduna la wà. Ní ilé-ìwé wa, ẹni tó bá fẹ́ ka Hausa, olùkọ́ wà. Ẹni tó bá fẹ́ ka Faransé, olùkọ́ wà. Ẹni tó bá fẹ́ ka Yorùbá, Ìyá Ẹgbẹ́ nìkan ló ní, iṣẹ́ tí wọ́n sì gba Ìyá Ẹgbẹ́ fún ni Baọ́lọ́jì. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní òwe àti oríkì. Ṣùgbọ́n ìdánwò WAEC ju òwe lọ: èdè wà níbẹ̀, lítíréṣọ̀ wà níbẹ̀, àṣà náà wà níbẹ̀. Sáà kìíní, àwọn SS3 mẹ́fà ló sọ pé àwọn á ṣe Yorùbá. Sìnìọ̀ kan wà nínú wọn tó fẹ́ lọ ka Yorùbá ní yunifásítì. Bí kò bá ṣe é ní WAEC, ilẹ̀kùn yẹn tì nìyẹn.

Ìyá Ẹgbẹ́ wá bẹ olùkọ́ Yorùbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn. Bàbá ní àwọn ò gba kọ́bọ̀, pé àwọn á máa kọ́ wa láti orí fídíò ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́rin sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bàbá Ìbàdàn la wá ń pè wọ́n.

Èmi ò tíì dé SS3, ṣùgbọ́n mo ní ìdí tèmi tí mi ò fi fẹ́ kí kíláàsì náà bàjẹ́. Kaduna ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, àmọ́ Hausa ni mo fi ṣeré lójú títì, òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi bí ẹnì kan bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Bí Màmá Àgbà bá pè láti ilé, wọ́n á kì mí, wọ́n á kì mí, ohun tí mo sì máa ń rí sọ kò ju "ẹ ṣé mà" lọ. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé oríkì ní ìtàn nínú, pé ìlú àti ìdílé ni wọ́n ń kà sí mi létí. Kíláàsì wákàtí kan yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan fún mi.

Ibi tí wàhálà ti wá nìyí. Yàrá kọ̀ǹpútà wa, nítorí CBT ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ní 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò, nígbà tó di 2015, kò sí ti orí ìwé mọ́. Ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, orí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá yá lórí eku, àkókò á tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ilé-ìwé fi fi wáyà so gbogbo kọ̀ǹpútà inú yàrá náà mọ́ server kan, ibẹ̀ la ti ń ṣe ìdánrawò. Wáyà yẹn kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo bọ́ọ̀lù ní àkókò ìdánrawò, kí ọwọ́ ará ìta má sì dé ibi tí ìbéèrè ìdánwò wà.

Orí server yẹn náà ni a ń kó gbogbo ẹ̀kọ́ Bàbá Ìbàdàn sí: ohùn wọn tí a gbà sílẹ̀, àkọsílẹ̀ wọn, àti ìbéèrè àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tún un gbọ́ lálẹ́, á lọ gbọ́ ọ láì ná dátà kankan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a fi ń tẹ ìwé ìròyìn yìí náà, orí wáyà ló wà, ní ọ́fíìsì òkè lọ́hùn-ún. Íntánẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, inú ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré tí àwọn òbí dá owó rà ló ti ń wá, dátà oṣooṣù la ń rà sí i.

Ẹ wá wò ó. Ìbàdàn wà lórí Wi-Fi. Ìwé tí Bàbá fẹ́ kí a ṣí wà lórí wáyà. Bí a bá ki wáyà bọ̀ ọ́, ojú Bàbá á dúró gbagidi bí àwòrán, ohùn wọn á sì lọ. Bí a bá fa wáyà yọ, Bàbá á padà dé, ṣùgbọ́n server á pòórá. Sátidé méjì la fi ń ki wáyà bọ ihò, tí a tún ń fà á yọ. Nínú ìṣẹ́jú 60, bíi 20 ló ń lọ sórí "Ẹ ń gbọ́ wa, sà? Ẹ dákẹ́ ná, sà, ó ti já." Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wá sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́ pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú iṣẹ́ míì kí orúkọ tó lọ sí ọ̀dọ̀ WAEC. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù.

Èmi ni mo máa ń ran Mallam tó ń ṣe àbójútó yàrá náà lọ́wọ́. Mo lọ bá wọn lẹ́yìn ìdákẹ́kọ̀ọ́ alẹ́, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kọ̀ǹpútà kan ò lè lo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni?" Mallam rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó ti ń lo méjèèjì. Ibi tó yẹ kó gbà ni kò mọ̀." Wọ́n wá fi gáréèjì ṣe àpẹẹrẹ fún mi, àpẹẹrẹ náà ni màá lò fún yín.

Ẹ rò ó pé inú kọ̀ǹpútà dà bíi gáréèjì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ fi ránṣẹ́ dà bí èrò ọkọ̀, olúkúlùkù ló mú àdírẹ́sì ibi tó ń lọ lọ́wọ́. Alága gáréèjì ní ìwé kan lọ́wọ́ tí wọ́n kọ ìlú sí. Ẹni tó ń lọ Zaria, kó wọ ọkọ̀ yìí. Ẹni tó ń lọ Kafanchan, kó wọ tọ̀hún. Nísàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ibikíbi yòókù, wọ ọkọ̀ báyìí." Nínú kọ̀ǹpútà, ìlà "ibikíbi yòókù" yẹn ni wọ́n ń kọ ní 0.0.0.0, ẹ̀rọ tó ń gbé èrò náà jáde ni wọ́n sì ń pè ní gateway.

Bí wáyà nìkan bá wà, awakọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ pé òun ń lọ "ibikíbi yòókù". Bí Wi-Fi bá dé, awakọ̀ kejì dé nìyẹn, òun náà ń pariwo pé "ibikíbi yòókù". Ta ni alága máa gbé èrò fún? Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní metric. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré jù ló ń gba èrò, bí ẹni tó ṣe ipò kìíní ṣe ń ṣáájú ẹni tó ṣe ipò kẹwàá. Windows fúnra rẹ̀ ló máa ń pín nọ́ńbà yìí, bí ọ̀nà bá ṣe yá tó ló fi ń pín in. Wáyà yá ju Wi-Fi lọ, nítorí náà nọ́ńbà wáyà ló kéré jù. Mallam ṣí ìwé alága fún mi, wọ́n kọ route print, mo sì rí ìlà 0.0.0.0 méjì: ti wáyà jẹ́ 25, ti Wi-Fi jẹ́ 50.

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Gbogbo èrò Ìbàdàn ló ń wọ ọkọ̀ wáyà, ọkọ̀ wáyà sì rèé, inú ọgbà ilé-ìwé ló ń yí po, kò jáde ní géètì rí. Àwọn èrò á jókòó sínú ọkọ̀, wọn ò ní dé ibì kankan. Wi-Fi tó mọ ọ̀nà Ìbàdàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò rí èrò kankan gbé.

Ohun tí a ṣe kò ju kí a sọ fún awakọ̀ wáyà pé kó má pariwo "ibikíbi yòókù" mọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ ncpa.cpl, ẹ tẹ Enter. Ẹ ó rí ọ̀nà méjèèjì níbẹ̀, Ethernet ni ti wáyà. Ẹ fi apá ọ̀tún eku tẹ ẹ́, ẹ lọ sí Properties, kí ẹ wá ṣí Internet Protocol Version 4. A fi àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, 192.168.10.25, àti subnet mask rẹ̀, 255.255.255.0. Àyè tí wọ́n kọ Default gateway sí, a pa á rẹ́, a fi í sílẹ̀ lófìfo. A pa àyè DNS náà rẹ́, nítorí DNS ni ẹni tí kọ̀ǹpútà ń bi pé "níbo ni orúkọ yìí ń gbé?" Ẹni tó wà lórí wáyà wa kò mọ orúkọ ará ìta kankan, kò sì yẹ kí a máa bi í léèrè ọ̀nà Ìbàdàn.

Ẹ lè wá bi mí pé, bí kò bá sí gateway, báwo ni a ṣe ń dé server? Server ò jìnnà. 192.168.10.5 ni àdírẹ́sì rẹ̀, ìdílé 192.168.10 kan náà ni òun àti kọ̀ǹpútà wa. Ẹni tó ń lọ yàrá kejì nínú ilé kan náà kì í wọ ọkọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, alága gáréèjì kì í wo ìlà "ibikíbi yòókù" àyàfi bí kò bá rí orúkọ ìlú náà nínú ìwé rẹ̀. Orúkọ tó ṣe pàtó ló ń ṣáájú nígbà gbogbo.

A dán an wò. A kọ ping 192.168.10.5, server dáhùn. A kọ ping 8.8.8.8, èyí tó jẹ́ ti Google, òun náà dáhùn. Mo fò sókè. Mallam ní kí n rọra, pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńkọ́? A tẹ ìwé kan, kò jáde.

Ọ́fíìsì òkè ò sí nínú ìdílé 192.168.10. Ìdílé tiwọn ni 192.168.20, ẹ̀rọ kan tó ní àdírẹ́sì 192.168.10.1 ló so ìdílé méjèèjì pọ̀. Tẹ́lẹ̀, "ibikíbi yòókù" ló ń gbé wa débẹ̀. Ní báyìí tí a ti yọ ọ́, ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ ti gba orí Wi-Fi lọ wá ọ́fíìsì òkè lójú sánmà. A ní láti kọ orúkọ ìlú yẹn sínú ìwé alága ní pàtó. A ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, a wá kọ:

route -p add 192.168.20.0 mask 255.255.255.0 192.168.10.1

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń lọ ìdílé 192.168.20, kó gba ọ̀dọ̀ 192.168.10.1. Lẹ́tà p yẹn ṣe pàtàkì o. Òun ni kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbàgbé bí iná bá lọ tí a sì tún un tàn. Ìwé jáde, Mallam wá gbà fún mi pé mo lè fò sókè báyìí.

Nǹkan mẹ́ta wà tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, ìdílé wáyà àti ìdílé Wi-Fi kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Tiwa bọ́ síi, Wi-Fi wa ń lo 192.168.8. Bí méjèèjì bá ń jẹ́ 192.168.1, bó ṣe máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé, yóò dà bí ìlú méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan, alága ò ní mọ èyí tí èrò ń sọ. Kí ẹ yí ọ̀kan padà. Èkejì, bí wáyà yín bá jẹ́ èyí tó ń fúnra rẹ̀ gba àdírẹ́sì, ẹ ò ní lè fi gateway sílẹ̀ lófìfo. Ẹ lọ sí Advanced, ẹ yọ àmì tó wà níwájú Automatic metric, kí ẹ kọ nọ́ńbà ńlá fún wáyà, bíi 100. Wi-Fi á ṣáájú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹta, ọ̀nà méjì kò sọ pé ohun kan á yára ní ìlọ́po méjì. Èrò kan kò lè wọ ọkọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a jèrè ni pé olúkúlùkù ń gba ọ̀nà tirẹ̀, tí wọn ò sì dí ara wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí Igbákejì ọ̀gá gbọ́, inú wọn ò kọ́kọ́ dùn. Wọ́n ní, "Server tí ìbéèrè ìdánwò wà lórí rẹ̀, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ìta." Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kì í ṣàdédé gbé èrò láti orí Wi-Fi kọjá sórí wáyà, àfi bí ẹnì kan bá pàṣẹ fún un. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò kọ̀ǹpútà bá gba orí Wi-Fi wọ kọ̀ǹpútà igun yẹn, ó ti dé ẹnu ọ̀nà server náà nìyẹn. Mallam fara balẹ̀ ṣàlàyé, wọ́n sì jọ fẹnu kò sí òfin mẹ́rin: kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló máa ní ọ̀nà méjì, firewall rẹ̀ kò ní kú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ Bridge Connections tàbí kó pín íntánẹ́ẹ̀tì náà fún wáyà, ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, wáyà á kúrò lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá. Igbákejì ọ̀gá jókòó ti kíláàsì Sátidé tó tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá Ìbàdàn fi wákàtí kan gbáko kọ́ wa ní àrànmọ́ àti ìpajẹ, àkọsílẹ̀ wà lójú wa, ohùn ò já lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ Ajé, orúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kà nípa ibi tí wáyà àti Wi-Fi ti ṣẹ̀ wá, ó sì yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé wáyà ni ẹ̀gbọ́n, pé Wi-Fi ni àbúrò tó dé láìpẹ́ yìí. Ní 1971, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii fi rédíò so kọ̀ǹpútà tó wà ní erékùṣù wọn pọ̀ láì lo wáyà, wọ́n pe é ní ALOHAnet. Bob Metcalfe ka iṣẹ́ wọn, ó sì mú ọgbọ́n inú rẹ̀ lọ sí Xerox PARC ní California, níbi tí òun àti David Boggs ti fi ṣe Ethernet orí wáyà tí a ń lò títí dòní. 1973 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìlànà Wi-Fi àkọ́kọ́ dé ní 1997. Ẹ rí i pé ọ̀dọ̀ aláìlówáyà ni olówáyà ti kọ́ ọgbọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn láti ilẹ̀ wá.

Mo ń ronú kan èyí bí àwọn àgbà kan bá ń sọ pé èdè á dàrú mọ́ ọmọ lórí, pé ẹni tó ti gbọ́ Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì, kó fi Yorùbá sílẹ̀. Èdè kì í dàrú mọ́ra wọn. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìkan nínú wọn ń pariwo "ibikíbi yòókù", gbogbo ọ̀rọ̀ sì ń wọ ọkọ̀ rẹ̀, títí kan èyí tí kò lè gbé dé ilé. Hausa mi ṣì wà, ó sì wúlò fún mi lọ́jà Kaduna lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Màmá Àgbà, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní pàtó báyìí. Ìgbà tí wọ́n pè kẹ́yìn, wọ́n kì mí tán, mo bi wọ́n léèrè ta ni ẹni tí wọ́n dárúkọ lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Owó orí fóònù bàbá mi ló tán kí ìtàn tó tán.

Àwọn SS3 wa ṣì ní ìdánwò níwájú, ẹ jẹ́ kí a máa gbàdúrà fún wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó dé ìsọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tò ó, kó wá bá mi ní yàrá kọ̀ǹpútà ní Sátidé, aago mẹ́ta, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà igun, ní Yorùbá tó ní àmì ohùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya á o.